Kọ́nà Ọ̀gá

Táyà ẹ̀yìn lọ́wọ́ ọ̀tún ló kọ́kọ́ rojọ́ fún Olúwọlé. Ojúmọ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mọ́ ní Ìkẹ́rẹ́, ìrì ṣì wà lórí bọ́nẹ́ẹ̀tì Pijó ìyàwó rẹ̀, òun sì ti dùbúlẹ̀ sẹ́yìn ọkọ̀ náà lórí àpò sìmẹ́ǹtì, ó ń tan tọ́ọ̀ṣì sábẹ́ rẹ̀. Ẹni tó bá dúró lóòró wo táyà náà yóò ní kò sí ohun tó ṣe é. Ilà tó wà lójú rẹ̀ níta ṣì jinlẹ̀ dáadáa. Ṣùgbọ́n etí rẹ̀ ti inú, tí kò sẹ́ni tó lè rí i àfi ẹni tó bá fẹ̀yìn lélẹ̀, ti jẹ títí ó fi kan wáyà. Wáyà tín-ín-rín náà ti yọrí síta bí irùngbọ̀n ewúrẹ́.

Olúwọlé fa ṣọ́ọ̀kì yọ nínú àpò ṣòkòtò rẹ̀. Iṣẹ́ ẹ̀rọ ló ń kọ́ àwọn ọmọ ní ilé-ìwé girama kan nílùú náà, kò sì ní ṣòkòtò kan tí ṣọ́ọ̀kì kò sí nínú àpò rẹ̀. Ó kọ X gbàgàdà sí ẹ̀gbẹ́ inú táyà náà, ní ọ̀gangan ibi tí wáyà ti yọ, gẹ́gẹ́ bó ṣe máa ń kọ ọ́ sórí iṣẹ́ ọmọ tó bá ṣi ìdáhùn. Àṣà rẹ̀ nìyẹn. Ẹsẹ̀ àga tó ń mì ni o, páànù tó ń jò ni o, ohun tó bá ti bàjẹ́ nínú ilé, ṣọ́ọ̀kì ni yóò kọ́kọ́ kàn án, lẹ́yìn náà ni yóò wá àyè tún un ṣe. Tèmilọlá, ọmọbìnrin wọn, a máa sọ pé bí ènìyàn bá sùn pẹ́ nínú ilé yìí, Dádì á fi ṣọ́ọ̀kì máàkì í.

Ó dìde. Ó so òkúta kékeré mọ́ ìdí okùn, ó fi orí okùn kọ́ etí ara ọkọ̀ lókè táyà, okùn sì ṣọ̀ wálẹ̀ gbọọrọ níwájú ẹsẹ̀ náà. Okùn tí òkúta ń fà kì í parọ́ fún ẹnikẹ́ni. Bí ẹsẹ̀ ọkọ̀ bá dúró ṣánṣán, àlàfo tó wà láàrin òun àti okùn yóò dọ́gba lókè àti nísàlẹ̀. Ti èyí kò dọ́gba. Nísàlẹ̀, táyà fẹ́rẹ̀ẹ́ fara kan okùn. Lókè, ìka mẹ́ta wọ àlàfo náà láìfúnra.

Bí wọ́n ṣe ṣe irú Pijó yìí nìyẹn, ohun tó sì jẹ́ kí Olúwọlé fẹ́ràn rẹ̀ nìyẹn pẹ̀lú. Ẹsẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ kì í ṣe irin kan ṣoṣo tó so méjèèjì pọ̀ bíi ti ọkọ̀ akẹ́rù. Kálukú ló dá dúró lórí apá tirẹ̀, tòun ti sípíríìnì tirẹ̀, bí ọ̀kan bá wọ kòtò, èkejì kò ní í gbọ́ sí i. Ṣùgbọ́n bí ẹrù bá pọ̀ jù lẹ́yìn, tó sì pẹ́, sípíríìnì á rẹ̀ sílẹ̀, orí ẹsẹ̀ á wọ inú, ìsàlẹ̀ rẹ̀ á ya síta, bí ẹsẹ̀ ọmọ tí wọ́n gbé garawa omi tó ju agbára rẹ̀ lọ lé lórí. Nígbà náà, etí inú táyà nìkan ni yóò máa gbé gbogbo ọkọ̀. Ayé mọ̀ pé iwájú ọkọ̀ ń fẹ́ aláìmẹ́ǹtì. Ta ló ń rántí pé ẹ̀yìn náà ń wọ́?

Ó gbé okùn rẹ̀ lọ sọ́wọ́ òsì. Ìka kan ló wọ ibẹ̀, bóyá kan ààbọ̀.

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti kúrò ní ọ̀rọ̀ táyà. Bó bá jẹ́ pé inú búùtù ni ẹrù ń wà, ọ̀tún àti òsì ni ìbá jọ ya. Èyí tó ya lọ́wọ́ ọ̀tún ju òsì lọ, a jẹ́ pé ohun wíwúwo kan ń jókòó lọ́wọ́ ọ̀tún lójoojúmọ́. Ohun wo ló ń jókòó?

Ó ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn lọ́wọ́ ọ̀tún. Kọ́nà ọ̀gá ni àwọn dẹrẹ́bà ń pe igun yẹn, torí pé ibẹ̀ ni ènìyàn ńlá máa ń fẹ̀yìn tì, tí yóò máa wo ọrùn ẹni tó ń wà á. Fóòmù ibẹ̀ ti rì wọlé bí àwo. Ìpara orí ti fi àbàwọ́n ṣe àmì róbótó sí ibi tí ènìyàn ń gbórí lé. Òórùn kan sì fẹ́ lù ú nímú, òórùn lọ́fíńdà ọkùnrin.

Olúwọlé kò ní lọ́fíńdà.

"Bàbá Tèmi, ẹ ti wà nídìí ọkọ̀ yìí láti ìdájí." Ọmọ́rìnsọ́lá, ìyàwó rẹ̀, ti múra tán, kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Òṣìṣẹ́ ìjọba ni l'Ádó, owó tí wọ́n yá a níbi iṣẹ́ ló fi ra ọkọ̀ náà. "Ṣé kò sí nǹkan tó ṣe é?"

Ọ̀rọ̀ táyà wà lórí ahọ́n Olúwọlé. Ó kù díẹ̀ kó bọ́ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n òórùn yẹn ṣì wà nímú rẹ̀, ohun mìíràn ló sì bọ́ sílẹ̀ dípò rẹ̀.

"Ta ló ń jókòó sẹ́yìn?"

"Ẹ̀yìn ibo?"

"Ẹ̀yìn ọkọ̀ rẹ."

Ọmọ́rìnsọ́lá wo ilẹ̀kùn tó ṣí sílẹ̀, ó wo ojú ọkọ rẹ̀. "Ṣé èèyàn kì í wọ ọkọ̀ ni? Ẹ̀yin náà ń wọ̀ ọ́ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì."

"Iwájú lèmi ń jókòó sí."

Obìnrin náà ti ilẹ̀kùn náà pa jẹ́jẹ́, bí ẹni ń bo ìkòkò. "Mo ti se iṣu sílẹ̀. Ẹ jẹ ẹ́ kẹ́ ẹ tó lọ sílé-ìwé, ó ń gbóná."

"Iṣu ibo?"

"Iṣu Ìjàn."

"Ta ló ń fún ọ niṣu n'Íjàn? Oko bàbá rẹ wà níbẹ̀?"

"Bàbá Tèmi, mo ti pẹ́."

"Mi ò jẹ ẹ́. Kí ẹni tó fún ọ máa jẹ ẹ́."

Ojú obìnrin náà pọ́n. Ó wọ ọkọ̀, ó sì yí kọ́kọ́rọ́. Olúwọlé dúró, ó ń wo ẹsẹ̀ ẹ̀yìn yẹn bó ṣe ń yí lọ, tó wọ́ sínú bí orúnkún ẹni tó rẹ̀. Ó gbé ọwọ́ sókè díẹ̀. Ó tún sọ ọ́ sílẹ̀. Táyà tó gbé e bọ̀ lánàá, ó sọ nínú ara rẹ̀, kò ní í ṣàìgbé e bọ̀ lónìí. Nírọ̀lẹ́ ni òun yóò sọ ọ́, lẹ́yìn tí ìyàwó òun bá ti kọ́kọ́ sọ tirẹ̀. Ọkọ̀ yà ní kọ̀rọ̀, eruku nìkan ló kù.

Ìyá onílé wọn, arúgbó tí kò fi ohùn Ìkẹ́rẹ́ sílẹ̀ rí nítorí ẹnikẹ́ni, ń gbá ẹnu ọ̀nà. "Tíṣà, ṣé ulé pé?"

"Ilé pé, mà."

"Uṣu ń ta sánsán nínú ulé yín, ìwọ sì dúró síta bí ẹni tí wọ́n lé jáde."

Ó gbọn iyẹ̀pẹ̀ kúrò lára ṣòkòtò rẹ̀, ó sì kọrí sí ilé-ìwé.

Ní ojú ọ̀nà ilé-ìwé, Rónkẹ́ tó ń ta kẹ́rọ́sìnì ti to àwọn kẹ́ẹ̀gì rẹ̀ síta, gbogbo wọn ṣófo, torí pé epo ti wọ́n. Nígbà tí ọjà kò bá sí, ọ̀rọ̀ ni Rónkẹ́ máa ń tà.

"Ọkọ Màdáámú! Ẹ káàárọ̀ o. Ẹ tún ń fẹsẹ̀ rìn?"

"Ẹsẹ̀ kì í jẹ epo."

"Ẹ ẹ̀ parọ́." Ó rẹ́rìn-ín. "Mo rí Màdáámú l'Ádó níjẹta. Wọ́n ń wa ọkọ̀ lọ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Ọkùnrin kan wà lẹ́yìn, ó kún bí àpò gaàrí, ó na ìwé ìròyìn bojú. Mo juwọ́ títí. Màdáámú ṣe bí ẹni tí ò rí mi."

"Bóyá wọn ò rí ọ."

"Ojú wa ṣe mẹ́rin, Tíṣà." Ó mi ọ̀kan nínú àwọn kẹ́ẹ̀gì náà, ó gbọ́ pé kò sí nǹkan nínú rẹ̀, ó gbé e sílẹ̀. "Èmi ò sọ nǹkan o. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ."

Ọ̀rọ̀ yẹn tẹ̀ lé Olúwọlé wọ kíláàsì. Ọ̀pá ìgbéǹkan ló yẹ kó kọ́ wọn, bí ọmọdé ṣe lè fi ọ̀pá gígùn gbé òkúta tí bàbá rẹ̀ kò lè gbé. Ó ya ọ̀pá náà sára bọ́ọ̀dù, ó ya òkúta sí ìkángun kan. Ó wò ó, òkúta náà ti ní ọrùn, ó ti ní ikùn. Ó pa á rẹ́. Ó tún un yà, ikùn náà tún yọ. Àwọn ọmọ ń wo ara wọn. Òjòwú kì í lẹ́ran láyà, obìnrin sì ni ayé máa ń pa òwe yẹn mọ́. Ṣùgbọ́n ọjọ́ yẹn, bí ẹnì kan bá fọwọ́ kan àyà Tíṣà Olúwọlé, egungun ni ìbá bá níbẹ̀. Kì í ṣe ọkùnrin inú ọkọ̀ nìkan ló ń jẹ ẹ́ lọ́kàn. Ọkọ̀ náà fúnra rẹ̀ wà níbẹ̀, owó tí wọn kò yá òun rí, àti "Ọkọ Màdáámú" tí gbogbo àdúgbò ń pè é. Òun ló mọ ohun tó ń mú ẹ́ńjìnnì mí. Òun ló ń fọ̀ ọ́, tó ń gbọ́ ikọ́ rẹ̀. Ẹlòmíràn wá ń fẹ̀yìn tì í.

Nígbà tí ilé-ìwé parí, ebi ti sọ ìfun rẹ̀ di okùn. Ó tún gba iwájú ìsọ̀ Rónkẹ́ kọjá, ó sì bá Lawrence níbẹ̀ pẹ̀lú ìgò òfìfo lọ́wọ́. Akọ̀wé ni Lawrence ní ọ́fíìsì Ọmọ́rìnsọ́lá, Ìkẹ́rẹ́ ni òun náà ń gbé. Olúwọlé fà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, débi tí etí Rónkẹ́ kò lè dé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọrùn rẹ̀ ń na bọ̀.

"Lawrence, má parọ́ fún mi. Ta ló ń jókòó sẹ́yìn ọkọ̀ ìyàwó mi?"

Lawrence kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Ìgbà tó wo ojú rẹ̀, ó gbé ẹ̀rín náà mì.

"Ẹ ò mọ̀? Ọ̀gá ni. Ọ̀gá Afọláyan."

"Kí ló pa wọ́n pọ̀?"

"Kí ló pa wọ́n pọ̀, sà? Iṣẹ́ ni. Ìpínlẹ̀ tuntun, ọ̀gá pọ̀ ju àga lọ, ká má ṣẹ̀ṣẹ̀ wá sọ ti ọkọ̀. Wọ́n ní Ọ̀gá ń bọ̀ wá gba ọkọ̀, ọkọ̀ ò dé. Ni Ọ̀gá bá yíjú sí àwa ọmọ abẹ́ rẹ̀ tó ní ọkọ̀. Bí ìrìn àjò bá yọ, á kàn jáde, á dúró ní ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ Màdáámú lọ́wọ́ ọ̀tún lẹ́yìn, kò ní í fọwọ́ kan ilẹ̀kùn. Màdáámú á sọ̀ kalẹ̀, wọ́n á wá ṣí i fún un."

"Ìyàwó mi ló ń ṣílẹ̀kùn?"

"Wọ́n á tún tì í. Epo inú rẹ̀ náà, Màdáámú ló ń rà á." Lawrence bojú wẹ̀yìn bí ẹni pé Ọ̀gá lè wà nínú kẹ́ẹ̀gì. "Bí a bá dé oko, àwọn àgbẹ̀ á kó iṣu jọ fún ìjọba. Ẹsẹ̀ Ọ̀gá ni wọ́n ń kó o sí, torí pé ó ń bẹ̀rù kí wọ́n má jí i nínú búùtù. Àwọn tó bá kéré jù, á fi ta Màdáámú lọ́rẹ."

"Kí ló dé tí ìyàwó mi kò kọ̀?"

"Ọládélé, ọ̀kan nínú wa lọ́fíìsì, kọ̀. Ó ní ọkọ̀ òun kì í ṣe ti ìjọba. Ìsinbọ̀dé lọ́hùn-ún ni wọ́n gbé e lọ, sà. Ìyàwó rẹ̀ wà l'Ádó, àwọn ọmọ wà lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀ l'Émùré. Màdáámú ní ká má sọ fún yín. Wọ́n ní ẹ ó wá sí ọ́fíìsì wá jà, wọ́n á sì gbé àwọn náà jìnnà sílé."

Ó yẹ kí ara tu Olúwọlé. Ó tù ú fún ìwọ̀n ìgbà tí ènìyàn fi ń mí èémí kan. Òótọ́ ni òun kà lára táyà: ènìyàn ń jókòó níbẹ̀, ó wúwo, ọkùnrin ni. Gbogbo ìṣirò náà pé. Ìdáhùn nìkan ni òun ṣì.

Lẹ́yìn náà ni wáyà tín-ín-rín yẹn yọrí nínú ọkàn rẹ̀.

"Ibo ni wọ́n wà lónìí?"

"Ìró ni wọ́n lọ, wọ́n á gba Ìjàn bọ̀. Ìgbà ìkórè nìyí, ẹ mọ̀ pé iṣu á pọ̀... Sà? Tíṣà?"

Olúwọlé ti ń lọ.

Kò sí ibi tó lè sáré dé. Ìró jìnnà, kò sí tẹlifóònù ní ilé wọn, takisí kò sì rí epo rà. Ó lọ títí dé etí títì tó ti Adó wọ̀lú, ó dúró níbẹ̀, ó ń wo ẹsẹ̀ ọ̀tún gbogbo ọkọ̀ tó ń bọ̀. Ó mọ ohun tó lè ṣẹlẹ̀, ìyà tó ń jẹ ọlọ́gbọ́n nìyẹn. Ooru títì á mú afẹ́fẹ́ inú táyà wú. Ní kọ̀rọ̀ tó bá yí sósì, gbogbo ọkọ̀ á tẹ̀ sápá ọ̀tún, sórí Ọ̀gá, sórí iṣu, sórí etí táyà tí kò nípọn ju bébà lọ. Ó ń rí i, ó tún ń rí i. Nígbà tí oòrùn ń wọ̀, ó padà sílé kó lè wò ó bóyá wọ́n ti gba ọ̀nà mìíràn dé. Wọn kò tíì dé.

Ìyá onílé jókòó sórí àpótí, ó ń ṣa ẹ̀wà. "Wá jókòó, ò ń rìn bí adìyẹ tó fẹ́ yé."

Ó jókòó. "Ìyá," ó ní, "bí ènìyàn bá rí nǹkan tó fẹ́ ṣubú lu ẹlòmíràn, tó wá dákẹ́, torí pé inú ń bí i ńkọ́?"

Arúgbó náà ju òkúta kan sọnù nínú ẹ̀wà. Ó wo ṣọ́ọ̀kì tó funfun lára ṣòkòtò rẹ̀, ó wo ojú rẹ̀ pẹ́.

"Àgbà kì í wà lọ́jà..." ó ní.

Kò parí rẹ̀. Ó tẹ̀ síwájú nínú ẹ̀wà ṣíṣà.

Ilẹ̀ ò tíì ṣú tán nígbà tí Pijó náà wọlé. Kò wọlé bó ṣe ń wọlé tẹ́lẹ̀. Ó rọra ń bọ̀ bí ẹni tó tẹ ẹ̀gún, ewé ẹ̀gẹ́ há sí iwájú rẹ̀, eruku pupa sì bò ó dé gíláàsì. Ní ẹsẹ̀ ẹ̀yìn lọ́wọ́ ọ̀tún, táyà mìíràn ló wà níbẹ̀. Ọmọ́rìnsọ́lá sọ̀ kalẹ̀. Ó ti fi gèlè rẹ̀ di ọrùn ọwọ́ òsì.

"Rìnsọ́lá!"

"Mi ò kú." Ó fi ẹ̀yìn ti ọkọ̀. "Àárín Ìró sí Ìjàn ni. Mo kàn gbọ́ gbòà. Ẹ̀yìn ọkọ̀ ní kí iwájú dúró de òun. Oko ẹ̀gẹ́ ló gbà wá. Ká ní apá kejì ni, igi ni."

"Ọ̀gá yín ńkọ́?"

Ó wò ó fírí. "Ó jáde, ó gbọn aṣọ rẹ̀. Ó dá takisí kan dúró, ó wọ ẹ̀yìn, lọ́wọ́ ọ̀tún." Ẹ̀rín kan ta ète rẹ̀, ẹ̀rín tí kò dùn. "Ó ní, 'Màdáámú, ẹ bá mi rọra gbé iṣu mi bọ̀.' Àwọn àgbẹ̀ ló bá mi fi jáàkì gbé ọkọ̀." Ó mí kanlẹ̀. "Òun ni ẹ bi mí léèrè láàárọ̀. Òun ló ń jókòó síbẹ̀. Ojú ló ń tì mí, Bàbá Tèmi. Bó bá jókòó síwájú, ayé á ní ọ̀rẹ́ ni wá. Ẹ̀yìn tó ń jókòó sí yìí, ohun tó sọ mí dà ni mi ò mọ bí mo ṣe fẹ́ sọ fún yín."

"Mo ti gbọ́. Lawrence sọ fún mi."

"Ó dáa." Ó lọ sídìí búùtù, ó ṣí i, ó fi ọwọ́ kan ṣoṣo yí táyà tó bẹ́ náà jáde. Olúwọlé sáré lọ gbà á, kò fún un. Ó yí i wá síwájú rẹ̀, ó tì í dùbúlẹ̀, ó sì yí ẹ̀gbẹ́ inú rẹ̀ sókè.

Eruku ti bo X náà, ṣùgbọ́n kò pa á rẹ́. Ibi tó ti fàya, ẹ̀gbẹ́ ṣọ́ọ̀kì náà gan-an ni.

Ìyá onílé gbé ẹ̀wà rẹ̀, ó wọlé lọ.

"Àgbẹ̀ tó bá mi tú u ló rí i," Ọmọ́rìnsọ́lá ní. Ohùn rẹ̀ kò le rárá. "Ó ní, 'Ìyá, ta ló kọ nǹkan sí i?' Mo ní àwọn ọmọdé ló ń fi ṣeré."

Olúwọlé fi ọwọ́ bo àpò ṣòkòtò rẹ̀ tí ṣọ́ọ̀kì wà.

"Ẹ ti máàkì í láti àárọ̀, Tíṣà." Kò pè é ní Tíṣà rí. "Kọ́rẹ́ṣọ̀n ni ẹ ò bá mi ṣe."

Ó pe Tèmilọlá. Àwọn méjèèjì kó iṣu Ọ̀gá kúrò lẹ́yìn ọkọ̀, àwọn iṣu ńláńlá, wọ́n kó o wọ ilé ìdáná. Olúwọlé kúnlẹ̀ ti táyà náà. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ nu X náà, ó tún nù ún. Díẹ̀ nínú rẹ̀ wá sọ́wọ́ rẹ̀, ìyókù ti wọ inú rọ́bà. Ó pẹ́ níbẹ̀, títí òórùn iṣu fi jáde láti ilé ìdáná, tí odó sì bẹ̀rẹ̀ sí í dún, gbì, gbì, ohùn ọmọrí odó tí ọwọ́ kan ṣoṣo ń gbé.

Ó dìde, ó wọlé lọ bá wọn. "Rìnsọ́lá, iṣu Ọ̀gá ni o. Bó bá bèèrè ńkọ́?"

"Á bèèrè."

"Ìsinbọ̀dé jìnnà."

"Mo mọ ọ̀nà ibẹ̀. Èmi ni mo ń wà á."

Òógùn ti bò ó lójú, ọwọ́ tó fi gèlè dì wà láyà rẹ̀. Olúwọlé na ọwọ́ láti gba ọmọrí odó. Obìnrin náà dúró. Ó wo ọwọ́ tó nà wá, ọwọ́ dúdú tí ṣọ́ọ̀kì kun láti ìka dé àtẹ́lẹwọ́. Ó wò ó títí tí iyán inú odó fi bẹ̀rẹ̀ sí í tutù.

"Ẹ lọ fọ ọwọ́ yín ná," ó ní.